Àwòrán tó ń dákú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin: ibi tí iṣẹ́ tẹlifíṣàn òtẹ́ẹ̀lì ti ń bàjẹ́

Ìjà kan wà tó máa ń wáyé láàrin ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì àti ẹni tó bá a so tẹlifíṣàn sí yàrá àwọn àlejò. Ìjà náà kì í sì í rọrùn láti parí, nítorí pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Oní-òtẹ́ẹ̀lì á ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún òun kò dára, pé àwòrán ń dúró gbagidi lójú tẹlifíṣàn, pé àwọn àlejò ti ń fi ìbínú kó ẹrù wọn lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ á búra pé òun dán gbogbo rẹ̀ wò níṣojú ọ̀gá kí òun tó gbowó, kò sì sí yàrá kankan tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á fi òmíràn sí i. Wọ́n á pààrọ̀ àpótí kékeré tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn. Nígbà mìíràn, wọ́n á ra switch tuntun tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó ńlá á sì tún bá a lọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àwòrán á tún dákú.

Bẹ́ẹ̀, wáyà kò ṣẹ̀ wọ́n. Ètò méjì ló wà nínú switch tó yẹ kí wọ́n tàn pa pọ̀, ọ̀kan péré ni wọ́n tàn. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe máa ń mú un le létí ẹni, ẹni tó bá sì ni owó tó ń ná sórí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Switch tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀ lára ògiri láti fi tan iná o. Àpótí kan ni, tó ní ihò wáyà 8, 24 tàbí 48 lójú, tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà àti tẹlifíṣàn pọ̀ nínú ilé kan. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ki iná bọ̀ ọ́, ó parí náà nìyẹn, kò sí àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè pa fún un. Èkejì ni èyí tó ń gbàṣẹ: ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀, èèyàn lè ti orí kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀ lọ, kó sọ fún ihò kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe máa hùwà. Ìkejì yìí ló wọ́n, òun náà ló sì bá iṣẹ́ tí à ń sọ yìí mu.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ wo ọ̀nà tí ìwé ìròyìn lè gbà dé ọwọ́ ẹ̀yin òǹkàwé. Ká ní ènìyàn 60 ló fẹ́ kà á ní àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìtẹ̀wé lè rán ọlọ́kadà 60 láti Èkó, kí oníkálukú wọn gbé ẹyọ ìwé kan dání lọ bá ẹnìkan ṣoṣo. Gbogbo wọn yóò dé, ṣùgbọ́n ẹ ro ti ojú títì tí wọn yóò dí pa. Wọ́n sì tún lè ju ìwé kọ̀ọ̀kan sínú gbogbo ilé tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àtẹni tó fẹ́ kà á àtẹni tó fẹ́ fi pọ́n àkàrà. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: ẹrù kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbé jáde, ibi tí ọ̀nà bá ti pín ni wọ́n ti ń pín in, ẹ̀jẹ́ńtì á gbé ti àdúgbò rẹ̀, fẹ́ńdọ̀ á sì mú un lọ fún kìkì àwọn tó ti ní àwọn ń gbà á.

Ọ̀nà kẹta yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní multicast. Ìlú Amẹ́ríkà ni ìmọ̀ náà ti gbilẹ̀, níbi tí Steve Deering ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní yunifásítì Stanford, tí wọ́n sì gbé òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1989. Nígbà tó di 1994, wọ́n ti fi gbé díẹ̀ lára eré tí àwọn olórin Rolling Stones ṣe sáfẹ́fẹ́ fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n kò ráyè gbajúmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé. Bọ́ọ̀lù tí ẹ ń wò lórí fóònù yín, ọlọ́kadà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e wá. Inú ilé kan, tàbí inú ilé-iṣẹ́ kan tó ni wáyà ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni multicast ti ń jọba. Òtẹ́ẹ̀lì, ilé-ìwòsàn, pápá ìṣeré, ilé-ìjọsìn tó ní gbọ̀ngàn mẹ́ta tí gbogbo wọn ń wo pèpéẹ kan náà, àwọn wọ̀nyí ló nílò rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ kò ju ìṣirò lọ. Ìkànnì tẹlifíṣàn kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere lè gba nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí yàrá 60 bá ń wo bọ́ọ̀lù kan náà, tí oníkálukú sì ń gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde gbọ́dọ̀ tú mẹ́gábíìtì 480 síta. Bó bá jẹ́ multicast ni, 8 péré ni. Yàrá 10 ni o, yàrá 200 ni o, 8 yẹn náà ni.

Àdírẹ́sì tí wọ́n ń lò fún un kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni, láti 224.0.0.0 títí dé 239.255.255.255. Ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì jáde á kàn máa sọ ọ́ sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kan, kò mọ ẹni tó ń wò ó, kò sì fẹ́ mọ̀. Tẹlifíṣàn tó bá fẹ́ wò ó ni yóò fi ohùn síta pé òun ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Èdè tí wọ́n fi ń sọ èyí ni wọ́n ń pè ní IGMP. Ẹ̀yà kejì èdè yìí jáde lọ́dún 1997, ẹ̀kẹta jáde lọ́dún 2002, àwọn méjèèjì yìí ni ẹ ó bá lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé switch, ní ti ìṣẹ̀dá rẹ̀, kò gbọ́ èdè yẹn. Ọ̀nà tí switch ń gbà mọ ibi tí kálukú ń gbé ni pé ó máa ń wo ẹni tó bá sọ̀rọ̀, á sì rántí ihò tí ohùn náà gbà wọlé. Ẹgbẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Switch kò ní rí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi iṣẹ́ rán an, nítorí náà kò lè mọ ihò tí yóò darí rẹ̀ sí. Ohun tí switch sì ń ṣe sí ẹrù tí kò mọ olówó rẹ̀ ni pé ó máa ń dà á sí gbogbo ihò. Ọ̀rọ̀ wá di ti ìwé ìròyìn tí wọ́n ń jù sínú gbogbo ilé. Bí òtẹ́ẹ̀lì náà bá ní ìkànnì 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 8, mẹ́gábíìtì 96 ni yóò máa ya wọ gbogbo ihò lóru lọ́sàn-án, yálà ẹnìkan ń wò ó tàbí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ àpótí tẹlifíṣàn ni kò lè gbà ju mẹ́gábíìtì 100 lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba àlejò wọlé níwájú yóò máa falẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà yóò máa já, wọ́n á sì ní íntánẹ́ẹ̀tì ló burú.

Èyí ló mú kí àwọn tó ń ṣe switch kọ́ ọ ní ètí gbígbọ́. Orúkọ ètò náà ni IGMP snooping. A lè pè é ní ìfetíkọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá switch sọ̀rọ̀. Òun ló ń dẹ etí sí ọ̀rọ̀ tí tẹlifíṣàn ń sọ. Bó bá gbọ́ tí tẹlifíṣàn inú ihò 7 sọ pé òun ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ 239.10.1.5, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń darí ìkànnì yẹn sí ihò 7 nìkan. Fẹ́ńdọ̀ ti mọ ilé tó ń gbà á nìyẹn. Bí wọ́n bá ti tan ètò yìí, ìṣàn omi tó ń ya sí gbogbo ilé á dáwọ́ dúró, gbogbo nǹkan á fúyẹ́, inú oníṣẹ́ á dùn, á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á gbowó.

Kò sì tí ì ṣiṣẹ́ tán.

Ìwé tí switch ń kọ orúkọ sí kì í ṣe ìwé ayérayé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí orúkọ máa pa rẹ́ ni, torí tẹlifíṣàn tí wọ́n bá yọ iná rẹ̀ lójijì kò ní ráyè dágbére. Bó bá jẹ́ pé orúkọ kì í parẹ́, fẹ́ńdọ̀ á kàn máa kó ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ti kó kúrò nílé. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnìkan máa lọ káàkiri, kó máa bi wọ́n léèrè látìgbàdégbà pé, "Ta ló ṣì ń gbà á o?" Ẹni tó bá dáhùn, orúkọ rẹ̀ á di ọ̀tun. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á pa á rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń béèrè yìí ni wọ́n ń pè ní querier, àwa ó pè é ní olùbéèrè níhìn-ín. Ìwọ̀n tí òfin là kalẹ̀ fún un ni pé kó máa béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá 125 síra wọn, kó sì fún wọn ní àáyá 10 láti dáhùn. Bí ìbéèrè méjì bá kọjá láìsí èsì, orúkọ lọ. Ìlọ́po méjì 125 jẹ́ 250. Ẹ fi 10 kún un, ó di 260. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 20 ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìfetíkọ́ wà, tí olùbéèrè kò sí. Àlejò tan tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn fi orúkọ sílẹ̀, àwòrán jáde, ó dára bí ẹyin. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹlifíṣàn náà, ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún sọ̀rọ̀, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá bi í ló tó ń dáhùn. Àáyá 260 pé, switch pa orúkọ rẹ́, àwòrán sì dúró síbi tó dé, ẹlẹ́sẹ̀ ayò gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá bọ́ọ̀lù, kò sì gbá a mọ́. Àlejò bínú, ó yí ìkànnì padà, ó tún yí i bọ̀. Bó ṣe yí i bọ̀ yẹn, tẹlifíṣàn tún orúkọ fi sílẹ̀, àwòrán sì padà, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní rìmóòtù ló ń ṣe é, tàbí kó ní tẹlifíṣàn yẹn ti gbóná jù.

Òótọ́ tí oníṣẹ́ ń búra lé lórí rèé. Nígbà tó ń dán an wò, yàrá kan kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀: ó tàn án, ó rí àwòrán, ó kọjá sí yàrá kejì. Ìdánwò tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kò lè fi àléébù yìí hàn láéláé. Bí ẹ bá ń ka ìṣẹ́jú, tí àwòrán sì ń dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ìkànnì, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan wáyà. Ẹ wá olùbéèrè.

Ìdí tí olùbéèrè fi ń sọnù ni pé ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, router tó ń darí multicast láti apá kan ilé sí èkejì ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lè má mọ̀ rárá pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀. Nínú òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 40, kò sí irú router bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá fún íntánẹ́ẹ̀tì kò sábà máa ń bá wọn ṣe é. Switch fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ switch tó ń gbàṣẹ ló sì lè ṣe é bí wọ́n bá ní kó ṣe é. Lórí àwọn switch Catalyst tí Cisco ń ṣe, ìfetíkọ́ ti wà ní títàn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, olùbéèrè sì wà ní pípa. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan pàápàá ti tan ìdajì. Ó dà bíi pé kí wọ́n ta mọ́tò fún èèyàn pẹ̀lú bíréèkì tí wọ́n ti fà sókè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àṣẹ tí a ń pa fún un kò gùn. Lórí irú switch tí a dárúkọ yìí, ip igmp snooping querier ni àṣẹ náà. Ó gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tí yóò fi máa béèrè, nínú VLAN tí àwọn tẹlifíṣàn wà gan-an. VLAN ni bí a ṣe ń pín switch kan sí agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀rọ̀ agboolé kan má baà dé èkejì. Ó sì dára kí tẹlifíṣàn ní agboolé tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní tirẹ̀. Olùbéèrè tó wà ní agboolé kọ̀ǹpútà kò wúlò fún tẹlifíṣàn kankan. Lórí switch àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, ojú ìwé kan ni ẹ ó ṣí, ẹ ó sì fi àmì sí i níwájú ọ̀rọ̀ querier. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́, show ip igmp snooping querier yóò sọ ẹni tó ń béèrè fún yín, show ip igmp snooping groups yóò sì ka ẹgbẹ́ àti ihò kọ̀ọ̀kan síta. Bí èyí àkọ́kọ́ kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ ti rí olè yín.

Switch wo ló yẹ kó jẹ́ olùbéèrè bí ilé bá ní márùn-ún? Switch àgbà ni, èyí tí àwọn yòókù so mọ́, tí ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì jáde náà sì wà lára rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà tí ìbéèrè bá gbà wọ switch kan ni switch náà ń kà sí ọ̀nà ààfin. Ọ̀nà yẹn ni yóò máa da gbogbo ìkànnì tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà lọ, bóyá ẹnìkan béèrè fún un tàbí kò béèrè. Bí ẹ bá fi switch kékeré tó wà ní àjà kẹta ṣe olùbéèrè, gbogbo ìkànnì 12 ni yóò máa gun àkàsọ̀ lọ sí àjà kẹta lójoojúmọ́ lásán. Ẹ lè tan olùbéèrè sórí switch kejì pẹ̀lú, fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Wọn kò ní jà. Èyí tí nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ bá kéré jù ló ń jọba, èkejì á sì dákẹ́ títí dìgbà tí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, switch àgbà ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà tó kéré jù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí àdírẹ́sì, mo sì kà á sí pàtàkì nítorí pé kì í hàn sí ojú. Àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé, àwọn ni ó sì yẹ kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ switch kì í wo gbogbo àdírẹ́sì náà. Orúkọ kúkúrú kan tí wọ́n fà yọ láti inú rẹ̀ ni wọ́n ń wò, àdírẹ́sì 32 ló sì máa ń jẹ́ orúkọ kúkúrú kan náà. Orúkọ tí 239.0.0.5 ń jẹ́ ni 224.0.0.5 náà ń jẹ́, 239.128.0.5 pẹ̀lú. Àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 224.0.0 sì jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ètò ìlú, switch kò gbọdọ̀ dá wọn dúró, gbogbo ihò ló gbọ́dọ̀ dà wọ́n sí. Ẹni tó bá wá fi ìkànnì tẹlifíṣàn sórí 239.0.0.5, kó tan ìfetíkọ́, kó tan olùbéèrè, omi náà á ṣì máa ya sí gbogbo ilé, kò sì ní mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi bíi 239.10.1.1.

Àwọn ètò kékeré tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní fast leave tàbí immediate leave, tó ń jẹ́ kí switch gé ìkànnì kúrò lójú ẹsẹ̀ tí tẹlifíṣàn bá ti dágbére, láìdúró béèrè bóyá ẹlòmíràn ṣì ń wò ó níbẹ̀. Ó dára fún ihò tí tẹlifíṣàn kan ṣoṣo wà. Bí yàrá ńlá kan bá fi switch kékeré pín wáyà kan fún tẹlifíṣàn méjì, ẹ má tàn án, torí bí ọmọ bá yí ìkànnì padà ní pálọ̀, ti bàbá á kú ní yàrá. Ní ti Wi-Fi, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí multicast tẹlifíṣàn débẹ̀ rárá. Ìwọ̀n ìyára tó lọ́ra jù ni afẹ́fẹ́ sábà fi ń gbé e, ẹ̀rọ tó ń gbà á kì í sì í dáhùn pé òun ti rí i gbà, nítorí náà èyí tó bá sọnù, ó sọnù náà nìyẹn.

Ó wá ku ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa níbí. Àṣẹ tí a pa fún ọ̀pọ̀ switch, orí ìrántí onígbà díẹ̀ ló wà, kò tí ì sí nínú ìwé tó ń kà nígbà tó bá jí. Bí iná bá lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tí ì pàṣẹ pé kó tọ́jú rẹ̀, ó ti gbàgbé. Lórí ti Cisco, copy running-config startup-config ni àṣẹ ìtọ́jú náà. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, olùbéèrè tí wọ́n tàn láàárọ̀ lè má sí mọ́ ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni wọ́n ti tàbùkù lórí èyí, tó ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò tọ́jú rẹ̀. Bí inverter bá sì wà tí kò lè gbé gbogbo switch, switch àgbà tó ń béèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn.

Kí oní-òtẹ́ẹ̀lì tó san owó tó kù, kó ní kí wọ́n tan tẹlifíṣàn méjì sí ìkànnì kan náà ní àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan rìmóòtù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àwòrán bá ṣì ń lọ, kí wọ́n pa iná gbogbo ilé, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n sì tún jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn.